Èédú Tó Jí fún Ìkòkò Aró Ìyá Mi

Ilé,
Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi Kókó-Igi,

Báwo ni ara? Báwo ni òtútù ibẹ̀? Èmi wà. Eékún ọ̀tún ṣì ń dùn mí, ti òsì ti gbà fún mi díẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ jà kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Má fi fóònù pè mí nílé aládùúgbò mọ́. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi dúró ti ayùn ní sọ́míìlì. Ohun tí ayùn ti jẹ nínú etí mi kò ní padà wá. Nígbà tí o pè lọ́sẹ̀ tó kọjá, "hẹn, hẹn" ni mo ń sọ, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Aládùúgbò ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé o ń béèrè bóyá mo ti jẹun, mo sì dá ọ lóhùn pé ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò sin òkú àdúgbò wa. Kọ̀wé. Ojú mi ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Wolé-wolé wá sí àgbàlá aró lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì ń fo orí omi bí ẹyẹlé kí ó má bàa tẹ aró. Ìyá Ọgbà ló pè é wá. O rántí rẹ̀, obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ nísàlẹ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ó ní omi tí mo fi ń ṣan aṣọ ló ń ṣàn wọ oko òun, ìdí ẹ̀fọ́ òun ti gba àwọ̀, àwọn oníbàárà ò sì rà á mọ́. Ó fa ọ̀kan tu, ó gbé e sí wa lójú. Mo wò ó. Òótọ́ ni. Ìdí rẹ̀ dà bí ìka ìyá rẹ.

O mọ bí ìka yẹn ṣe rí. Kò sí ọṣẹ tó ràn án. Èmi ni aró kì í dúró lára ọwọ́ mi. Ìyá rẹ a máa fi mí rẹ́rìn-ín pé ọwọ́ sọ́míìlì ti le jù, kò lè mu aró, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fá a.

Wolé-wolé kọ ìwé fún mi. Tí omi tó ń jáde láti àgbàlá bá ṣì ní àwọ̀ ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹwàá, wọn yóò ti àgbàlá pa, n óò sì da ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù. Mo bi í pé ṣé ó mọ ohun tó ń sọ. Ìkòkò ńlá yẹn, kí a tó bí ọ ni ìyá rẹ ti dá aró inú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń bù ú, ó ń fi kún un, kò gbẹ rí. Láti ọdún mẹ́ta tó ti fi wá sílẹ̀, èmi náà ń bù ú, mo ń fi kún un. Òfin mọ́kànlá tó ní kí n kọ sínú ìwé nígbà àìsàn rẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lé, n kò fo ọ̀kan. Gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Ìyá Aláró, mo sì ń dáhùn. Kí n wá fi ọwọ́ ara mi dà á sí gọ́tà?

Ọdún méjì ni o ti wà níbi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró. Mo ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé enjinía ni ọ́. Wá nǹkan ṣe sí i.

Èmi ni,
Bàbá rẹ


Òkè ilé atúnbàtàṣe,
Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ àgbàlá, ẹ kú ara ríro. Ẹ máa fi omi gbígbóná ra eékún yẹn, ẹ má jókòó sórí òkúta tútù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ fún ènìyàn pé enjinía ni mí. Ṣọ́bìrì ni mo ń tì. Ilé-ìwé tí ẹ rán mi lọ, olùkọ́ kan ló ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta pọ̀ nínú yàrá kan, ẹ̀yin náà mọ̀. Enjinía ibí kì í bá mi sọ̀rọ̀ ju "bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan" lọ.

Ti Ìyá Ọgbà, inú mi ò dùn pé ó pe wolé-wolé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni mo ni ẹ̀fọ́ yẹn, màá pè é. Ẹ má bínú, bó ṣe rí lójú mi nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́. Aṣọ ìnura ni wọ́n ń pa láró níbí, pupa, àwọ̀ ewé, dúdú kirikiri. Omi tó ń jáde lára wọn burú ju tiyín lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kó jáde bẹ́ẹ̀. Àgbá irin méjì wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ tó ga ju ilé wa lọ. Èédú wẹ́wẹ́ ló kún inú wọn. Omi aláwọ̀ á gba orí wọlé, omi tó mọ́ á gba ìdí jáde. Tí èédú náà bá yó, èmi àti ẹnì kejì mi la máa wọ inú àgbá lọ kó o jáde. Gbogbo iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ń ṣe búrẹ́dì; ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, mi ò gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ dúdú mi kọjá ibẹ̀.

Mo bi Ọ̀gá Onírùngbọ̀n, àgbàlagbà tó ń bójú tó àgbá, pé ṣé èédú ìdáná ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èédú ìdáná ń sùn ni, èyí ti jí. Ó ní èèpo àgbọn ni wọ́n sun, tí wọ́n wá fi nǹkan ta jí, kí àwọn ihò tí ojú ò lè rí lè là káàkiri inú rẹ̀. Inú ihò yẹn ni àwọ̀ ń há sí. Mo ní kí ni wọ́n fi ta á jí? Ó ní kẹ́míkà ni ti ibí, ṣùgbọ́n níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́ nígbà èwe, omi eérú ni wọ́n ń lò. Bàbá, omi eérú! Ohun tó kún inú ìkòkò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín.

Ẹ wá èèpo àgbọn, èyí tó le, kì í ṣe irun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ sun ún nínú agolo irin tí ìdérí rẹ̀ pa mọ́ dáadáa, kí ihò kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀ fún èéfín, kó má ju ẹnu ìṣó lọ. Tí èéfín bá tán, ó ti di èédú. Ẹ gún un wẹ́wẹ́ bí yanrìn tó rí ṣákaṣàka. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi eérú tó ta dáadáa fún ọjọ́ kan, ẹ sá a gbẹ, ẹ dá a padà sínú agolo, kí ẹ wá koná mọ́ ọn títí agolo á fi pọ́n. Tí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ fi amọ̀ dí ihò rẹ̀ títí á fi tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún un fọ̀, títí omi rẹ̀ ò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ ni kí ẹ fi ṣan án kẹ́yìn. Ẹ wá tẹ́ ẹ sínú àgbá kan, òkúta nísàlẹ̀, yanrìn lé e, èédú lórí, kí omi ìṣanṣọ máa gba ibẹ̀ kó tó dé gọ́tà.

Ẹ má ṣí agolo náà tó bá wà lórí iná. Mo mọ̀ yín.

Ọmọ yín


Ilé,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Kókó-Igi,

Mo rí lẹ́tà rẹ. O ò tíì kí mi tán tí o ti ń bá mi wí. Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, n kò ṣì í sọ. Ní sọ́míìlì, ibi tí kókó bá wà lára igi ni ayùn ti máa ń sunkún.

Ta á jí, ta á jí. Ta ló tẹ́ èédú sùn tẹ́lẹ̀? Mo ka lẹ́tà rẹ ní àgbàlá, ó sì dà bí ẹni pé mo ń kà á sókè, nítorí Ìyá Ọgbà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó ní, "Ìyá Aláró, tí èédú yín bá jí, ẹ bá mi kí i o!" Mo ní n kò gbọ́. Ó tún un sọ. Mo ní n kò gbọ́. Ìgbà kẹta ló tó mọ̀ pé mo gbọ́.

Mo ṣí agolo náà. Mo ń sọ fún ọ kí o má bàa gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Òfin kẹrin ìyá rẹ ni pé kí n máa yọjú wo inú ìkòkò láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi kò sì mọ̀ pé agolo kì í ṣe ìkòkò. Iná bú jáde, ó jó irùngbọ̀n mi ní apá kan, gbogbo èèpo àgbọn náà sì di eérú. Odidi àpò kan. Mo kó eérú rẹ̀ pamọ́ fún omi eérú, kò ṣòfò pátápátá.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, n kò ṣí i. Ó di èédú tó dára. Tí ó bá jábọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, ó máa ń dún bí àwo, alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa ló gbọ́ ọ tó sọ fún mi. Ọkàn mi kò balẹ̀, mo kó díẹ̀ sínú àgbá láìta á jí, kí n kàn rí i. Garawa méjì péré ni omi fi mọ́ díẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta jáde gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wọlé.

Ó kù kí n rẹ ẹ́ sínú omi eérú. Ṣùgbọ́n iná ìdáná tèmi kò lè mú agolo pọ́n. Kí ni kí n ṣe? Báwo ni n óò sì ṣe mọ̀ pé ó ti jí kí n tó kó o sínú àgbá?

Tí o bá rí bàtà òjò, fi ránṣẹ́. Ẹsẹ̀ mi ń tutù nínú omi ìṣanṣọ.

Bàbá rẹ


Òkè ilé atúnbàtàṣe,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu irùngbọ̀n. Ẹ gé apá kejì, kó lè dọ́gba. Mo sọ fún yín.

Bàtà òjò ń bọ̀, mo ti fi í lé awakọ̀ kan tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún lọ́wọ́. Nọ́ńbà rẹ̀ fi ọ̀kan ju ẹsẹ̀ yín lọ, kí ẹ lè wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i.

Ẹ gbé agolo náà lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Kí ó fẹ́ ẹwìrì sí i bí ìgbà tó fẹ́ rọ ọkọ́. Tí agolo bá ti pọ́n, tí ẹ ka wákàtí kan lé e, ó tó. Kí ẹ tó kó o sínú àgbá, ẹ bu omi aró tí ẹ ti là sínú ìgò funfun. Ẹ da ṣíbí èédú kan sí i, ẹ jì í, ẹ kà dé ọgọ́rùn-ún, ẹ gbé ìgò náà sójú oòrùn. Tí ẹ bá rí nǹkan ní òdìkejì rẹ̀, ó ti jí. Bí Ọ̀gá Onírùngbọ̀n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò níbí nìyẹn. Ó fún mi ní ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ti inú àgbá. Mo ti bù ú sínú bébà kékeré tó wà nínú lẹ́tà yìí, kí ẹ fi ọwọ́ mọ bó ṣe yẹ kí tiyín tóbi tó.

Mo fa ìlà méjì sí ìdí ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ẹ̀yin ni mo ń kọ̀wé sí: Ẹ FỌ̀ Ọ́.

Ọmọ yín


Ilé,
Ọgbọ̀njọ́, oṣù keje

Ọmọ mi,

Bàtà dé, o ṣeun. N kò ní kí ọ púpọ̀ lónìí.

Èédú náà jí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Alágbẹ̀dẹ fẹ́ ẹwìrì sí i láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, agolo pọ́n, èmi náà sì jókòó jìnnà, mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn kí ó má bàa lọ ṣí i. Mo ṣe ti inú ìgò bí o ṣe wí. Nígbà tí mo kà dé ọgọ́rùn-ún tí mo gbé ìgò sókè, ojú alágbẹ̀dẹ ni mo rí ní òdìkejì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo rò pé ó ń pariwo.

Ọjọ́ kejì, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àgbá. Omi ìṣanṣọ gba orí wọlé, omi tó jáde nísàlẹ̀ mọ́ gaara. Mo pe Ìyá Ọgbà kó wá wò ó. Ó wò ó títí, ó bu garawa mẹ́rin lọ fi bomi rin ẹ̀fọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ebè méjì ti rọ wọ̀ọ̀. Etí ewé rẹ̀ gbẹ bí ohun tí wọ́n yan. Ó padà wá, ó ti ọwọ́ bọ omi tó ń jáde, ó fi ìka méjì ra á. Ó ní, "Ìyá Aláró, ọṣẹ lẹ fún mi."

Omi náà ń yọ̀. N kò fọ èédú. Má wulẹ̀ béèrè, mo rí ìlà méjì tí o fà. Ṣùgbọ́n òfin keje ìyá rẹ ni pé ohunkóhun tó bá ti mu omi eérú, omi lásán kò gbọ́dọ̀ kàn án. Òun ló sọ ọ́, èmi ló kọ ọ́, ó jókòó tì mí, ó sì ní kí n kà á padà fún òun. Láàárín ọ̀rọ̀ ìyá rẹ àti ọ̀rọ̀ ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí n kò rí rí, èwo lo fẹ́ kí n gbà?

Wolé-wolé ti gbọ́. Ó ti kọ ọ́ kún ìwé rẹ̀ pé kì í ṣe àwọ̀ nìkan mọ́. Tí omi náà bá tún pa ẹ̀fọ́ ẹnikẹ́ni, àgbàlá di títì. Oṣù mẹ́ta ló kù. Mo ti da èédú náà sẹ́yìn ilé. Jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ


Òkè ilé atúnbàtàṣe,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi bẹ Ìyá Ọgbà, mo mọ ohun tí ebè méjì jẹ́.

Màmá ò ṣe èédú rí. Aṣọ àti òwú ni Màmá ṣe. Nínú òfin mọ́kànlá yẹn, kò sí èyí tí èédú wà nínú rẹ̀. Orúkọ Màmá lẹ fi ń bo agídí yín. Èmi lẹ̀ ń pè ní Kókó-Igi, ṣùgbọ́n mo mọ igi tí wọ́n ti gé mi jáde.

Ẹ kó èédú yẹn kúrò lẹ́yìn ilé, kí ẹ fọ̀ ọ́. Tí ẹ ò bá fọ̀ ọ́, ẹ̀yin lẹ da ìkòkò Màmá nù, kì í ṣe wolé-wolé.

Ọmọ yín


Òkè ilé atúnbàtàṣe,
Ogúnjọ́, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Ó di ọjọ́ mẹ́rìndínlógójì tí mo ti kọ̀wé. Tí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀, atúnbàtàṣe ti ń mi orí sí mi láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kò sí lẹ́tà, mi ò tiẹ̀ ní láti béèrè mọ́. Mo fẹ́ pe ilé aládùúgbò, mo sì rántí ìkìlọ̀ yín.

Ohun tí mo kọ, òótọ́ ni. Bí mo ṣe kọ ọ́ ni kò dára. Ẹ má bínú.

Mo ti ń ronú sí òfin keje láti ìgbà náà. Mo ń rò ó nínú àgbá, ibẹ̀ ṣókùnkùn, kò sí ohun mìíràn téèyàn lè ṣe níbẹ̀. Kí ló dé tí Màmá fi sọ pé omi lásán kò gbọ́dọ̀ kan ohun tó ti mu omi eérú? Ẹ rántí ìgbà tí mo gbé òwú rẹ̀ sínú òjò, tó fi ìgbálẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà sọ́míìlì yín? Ó ní mo ti fọ eérú kúrò lára rẹ̀, kò ní lè gba aró mọ́. Ìdí òfin náà nìyẹn, Bàbá. Ó mọ̀ pé omi lásán ni í lé eérú jáde, ó sì fẹ́ kí eérú dúró nínú òwú. Àwa ò fẹ́ kó dúró nínú èédú. Iṣẹ́ eérú ti parí níbẹ̀, ihò ti là, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ohun tí Ọ̀gá Onírùngbọ̀n mọ̀ ni Màmá mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ.

Tí mo bá purọ́ mọ́ ọn, ẹ sọ fún mi. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹ ṣáà fèsì.

Ọmọ yín


Ọgbà ẹ̀fọ́,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹwàá

Ọmọ Ìyá Aláró,

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé èmi ni mo kọ̀wé. Èmi ni mo ni ẹ̀fọ́ tí wọ́n pa. Àdírẹ́sì rẹ, ẹ̀yìn lẹ́tà rẹ ni mo ti wò ó.

Bàbá rẹ kò ní kọ̀wé báyìí, ojú ń tì í. Ó ka lẹ́tà rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá bí ó ṣe máa ń kà á, gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. Nígbà tó dé ibi tí ìyá rẹ ti fi ìgbálẹ̀ lé ọ, ó ká lẹ́tà náà pọ̀. Mo dúró kó parí rẹ̀, kò kà á mọ́. Mo pè é. O mọ̀ pé pípè kò ṣe nǹkan kan fún un.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpò èédú dé ẹnu ọgbà mi, ó ní òun ń wá ọsàn wẹ́wẹ́. Igi ọsàn kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò yìí, èmi ni mo ni ín. Mo ní, "Ẹ̀fọ́ mi ń kọ́?" Kò fèsì. Mo rò pé kò gbọ́ ni, mo tún un sọ. Ó ní, "Mo gbọ́ ọ. Mo ń wá ohun tí n óò sọ." Ó dúró síbẹ̀ tòun ti àpò lórí, omi èédú ń ṣàn sí i lọ́rùn. Mo ní kó máa wọlé bọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi fọ̀ ọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kànga mi. Ìgbà méjìlá. Tó bá ti ní ó tó, èmi ni mo ń ti ìka bọ̀ ọ́, tó bá ṣì ń yọ̀, mo máa ń mi orí. Nígbà tí kò yọ̀ mọ́, a fún ogún ọsàn sí omi, a fi ṣan án. A ti tẹ́ ẹ padà sínú àgbá. Lánàá, mo bu garawa kan nínú omi tó jáde, mo fi rin ìdí ẹ̀fọ́ mẹ́fà péré, ní igun tí n kò kà sí.

N kò ní tàn ọ́ jẹ. Tí ẹ̀fọ́ mẹ́fà yẹn bá kú, èmi fúnra mi ni n óò bá a gbé ìkòkò yẹn dà nù, kí ọ̀rọ̀ yìí tán. Ẹ̀fọ́ ni mo fi tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ̀ pé ó fọ̀ ọ́.

Ìyá Ọgbà


Ilé,
Ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá

Kókó-Igi,

Ṣé dáadáa ni o wà? N kò fèsì nígbà náà nítorí pé òótọ́ ni o kọ, n kò sì rí ohun tí n óò fi dá a lóhùn láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Ti òwú inú òjò, mo rántí. Èmi ni mo gba ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà gan-an ni o kọ, o kò purọ́ mọ́ ọn.

Ẹ̀fọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yè. Ọ̀kan rọ díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, n kò lè jẹun, ṣùgbọ́n Ìyá Ọgbà ní adìẹ ló tẹ̀ ẹ́.

Alágbẹ̀dẹ tún bá mi sun àpò méjì sí i, a fọ̀ ọ́, a fi kún ti inú àgbá. Èyí tó bá ti yó, alágbẹ̀dẹ ní òun yóò máa kó o fún iná òun.

Wolé-wolé dé ní ọgbọ̀njọ́, ó sì mú ife gíláàsì kan dání. Mo ní kó gbé gíláàsì rẹ̀ pamọ́ ná. Láti àárọ̀ ni mo ti so aṣọ funfun kan mọ́ ẹnu ihò tí omi ń gbà jáde nínú àgbá, aṣọ tí ìyá rẹ kò rójú pa láró kó tó dùbúlẹ̀. Ogójì aṣọ ni mo ṣan láàárọ̀ náà, gbogbo omi rẹ̀ ló gba ara aṣọ funfun yẹn kọjá. Mo tú u níwájú rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí ọgbà. Ó fi ọwọ́ pa á. Ó lọ bu omi, ó fi ìka méjì ra á bí Ìyá Ọgbà ṣe kọ́ ọ. Ó lọ wo ẹ̀fọ́. Bàtà dídán rẹ̀ wọnú ẹrẹ̀, kò sì kíyè sí i.

Ó béèrè ẹni tó kọ́ mi. Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní, "Ṣé enjinía yẹn?" Mo ní rárá o, ṣọ́bìrì ló ń tì. Ìyá Ọgbà pariwo láti ìsàlẹ̀, "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọsàn mi ló parí ẹ̀!" Èmi pàápàá gbọ́ ìyẹn.

Ó buwọ́ lùwé. Kò sí ẹni tó máa ti àgbàlá. Ìkòkò ńlá wà níbi tó wà.

Mo ti kọ òfin kejìlá sí ìsàlẹ̀ ti ìyá rẹ, pé èédú ni kí ẹ fọ̀. Ìkọ̀wé kan náà ni, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé kì í ṣe òun ló sọ ọ́.

Mo gé díẹ̀ lára aṣọ funfun náà sínú lẹ́tà yìí. Wò ó. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ni aṣọ tó wù mí jù nínú gbogbo èyí tó ti ọwọ́ mi jáde.

Bàbá rẹ


Òkè ilé atúnbàtàṣe,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ kú oríire! Ẹ bá mi kí Ìyá Ọgbà, ẹ sọ fún un pé lẹ́tà rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ẹ bá mi kí alágbẹ̀dẹ. Mo fò sókè tó bẹ́ẹ̀ tí atúnbàtàṣe fi òòlù gbá àjà láti ìsàlẹ̀.

Mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fọwọ́ kan aṣọ náà. Mo mú un lọ fún Ọ̀gá Onírùngbọ̀n, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ní tí àwọn tibí bá ń fọ èédú bẹ́ẹ̀, òun ì bá ti sinmi. Wọ́n ti fún mi ní ìsinmi ní oṣù kẹrin. Mo ń bọ̀ nílé.

Ṣùgbọ́n Bàbá, mo rí àmì aró kan létí aṣọ náà. Kò tóbi. Ọ̀gá ní kí n gbàgbé ẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé omi kan ń gba ẹ̀gbẹ́ àgbá kọjá láìkan èédú. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ tún èédú náà fọ̀, kí ẹ wá tò ó padà kó há mọ́ra dáadáa. Wolé-wolé ò rí i, èmi rí i.

Ọmọ yín


Ilé,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá

Kókó-Igi,

Àmì yẹn kì í ṣe ti omi. Àtàǹpàkò mi ni. Ibẹ̀ ni mo dì mú nígbà tí mo ń gé aṣọ náà. Gbé e sí ìmọ́lẹ̀ dáadáa, wàá rí ìlà ọwọ́ nínú rẹ̀.

Mo fi ọṣẹ fọ ìka náà, mo fi yanrìn ha á, Ìyá Ọgbà fi ọsàn ra á. Kò lọ. Ọwọ́ sọ́míìlì ti mu aró.

Síbẹ̀, mo ti tún èédú náà fọ̀.

Bàbá rẹ,
Ìyá Aláró